Oògùn Tí Kò Sí Lórí Pẹpẹ Mi: Wíwá Nǹkan Mìíràn Ṣe Lẹ́yìn Iṣẹ́ Òòjọ́



Ní alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi wá. Mo mọ bàbá yìí dáadáa, nítorí pé sàáfù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń wà ní mọ́sálásí wa. Ọdún 35 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì pé oṣù 8 tí wọ́n ti wà nílé. Wọ́n rọra sún mọ́ káńtà, wọ́n wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, wọ́n wá ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá oògùn oorun. Òru mẹ́ta rèé tí n kò fojú kan oorun."

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ 158 lórí 96. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń lo ojúmọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá kírun Àsùbáà tán, màá jókòó sí fàràǹdà. Bí oorun bá gbé mi, màá sùn. Bí wọ́n bá pe ìrun, màá lọ. Bí mo bá dé, màá tún jókòó. Fóònù mi tí kì í sinmi nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́."

N kò ta oògùn oorun fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ìwé dókítà lọ́wọ́ wọn, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé tà láìsí i. Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde tán, mo wo pẹpẹ oògùn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ìdajì ohun tó ń ṣe bàbá yìí, oògùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lóṣù yìí.

Èmi náà wà nínú rẹ̀

Ẹ má rò pé àwọn tó fẹ̀yìn tì nìkan ni mò ń bá wí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń tì í, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wákàtí 78 ni. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a ra ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń wọn ìfúnpá. Mo fi apá ara mi dán an wò, ó gbé 146 lórí 94 jáde. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún wa. Mo fi wọn ìfúnpá ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà, ó gbé 112 lórí 70 jáde. Mo padà fi wọn ti ara mi. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá, èmi ni ara mi ń bàjẹ́ lọ.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tó wà fún wọn fi ìdá 35 nínú 100 ju ti àwọn tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn tó ń wá láti inú dídí òpó ẹ̀jẹ̀ sì pa wọ́n fi ìdá 17 nínú 100 jù. Èmi tí mò ń ṣe 78, tí mo sì ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, àṣé èmi gan-an ni wọn ì bá kọ́kọ́ pè síwájú.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí wàhálà bá dé bá ènìyàn, Ọlọ́hun ti dá ara wa pé kó tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà yìí á mú kí ọkàn máa yára lù, kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, kí ojú là kedere. Bó bá jẹ́ pé ejò la rí, àǹfààní ńlá ni, nítorí àá lè sáré. Tí a bá ti bọ́ lọ́wọ́ ejò, ara á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ronú owó ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, tó gbé e wọ orí ibùsùn, tó tún bá a jí, ejò tirẹ̀ kò kúrò nílé. Ara kò rí àyè rọlẹ̀. Oorun á fò lọ, inú á máa bí ènìyàn sí ọkọ tàbí aya àti ọmọ, ìfúnpá á sì máa gòkè láìdún láìfọhùn.

Bàbá orí fàràǹdà àti èmi, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀ síra. Èmi kò ráyè mí, bàbá kò rí nǹkan fi àyè wọn ṣe. Ṣùgbọ́n orísun kan náà ni ó ti wá. Nǹkan kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì gbé gbogbo ayé wa kà, ìyẹn iṣẹ́. Ilé tí òpó kan ṣoṣo gbé dúró, bí òpó náà bá yẹ̀ tàbí bí ẹrù bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, ilé náà wà nínú ewu.

Kí ni mò ń pè ní nǹkan mìíràn?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ènìyàn ní ohun kan, ó kéré tán, tí ó fẹ́ràn láti mọ̀ tàbí láti ṣe, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí kì í sì ṣe ìwé tí ó ń kà fún ìdánwò. Ó lè jẹ́ ọ̀gbìn ewébẹ̀, rírán fìlà, kíkọ èdè Lárúbáwá lọ́nà tó rẹwà, títún rédíò ṣe, lílúwẹ̀ẹ́, kíkọ́ èdè tuntun, tàbí ìtọ́jú pàjáwìrì.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa á kọ́kọ́ bèèrè: "Èló ló máa mú wọlé?" N kò dá yín lẹ́bi, ọjà ò rọgbọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìbéèrè yìí. Lọ́jọ́ tí fìlà tí ẹ ń rán fún ìgbádùn bá di fìlà 20 tí oníbàárà ń retí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ó ti di iṣẹ́ kejì nìyẹn. Iṣẹ́ kejì dára fún ẹni tó nílò owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí ohun kan wà nínú ayé yín tí ẹ lè ṣe láìsí pé ẹnì kan ń wo aago lé yín lórí. Bó bá di owó lẹ́yìn ọ̀la, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ̀sìn wa kò ta kò ó

Àwọn kan máa ń rò pé Mùsùlùmí òdodo kò gbọdọ̀ ní ohun mìíràn ju iṣẹ́ àti ìrun lọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Salmán àti Abú Dardáì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì. Nígbà tí Salmán rí i pé arákùnrin rẹ̀ ń fi gbogbo ọ̀sán gbààwẹ̀, tó ń fi gbogbo òru dìde kírun, títí tí ìyàwó rẹ̀ kò fi fi ara sí ọ̀ṣọ́ mọ́, ó gbà á níyànjú pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́, kó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní òótọ́ ni Salmán sọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, máa ń tún bàtà rẹ̀ ṣe nílé, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣátù sáré ìje. Zayd ọmọ Thábit, tó ń bá a kọ ìwé, kọ́ ìkọ̀wé àwọn Júù mọ́ èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ náà kò tì sí iyàrá kan ṣoṣo. Ibn al-Nafis, tó kú ní Káírò ní ọdún 1288, jẹ́ dókítà, ó sì ń kọ́ni ní òfin ẹ̀sìn ní ìlànà Ṣáfíì. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti apá ọ̀tún ọkàn kó tó dé apá òsì, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí àwọn ará Yúróòpù tó kọ irú rẹ̀. Al-Biruni, tí gbogbo ayé mọ̀ sí onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò, ìgbà tó di arúgbó ló kọ ìwé ńlá lórí oògùn àti orúkọ wọn ní oríṣiríṣi èdè. Àwa apòògùn kò gbàgbé rẹ̀. Kò sì yẹ kí a lọ jìnnà. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, mélòó nínú àwọn ààfáà àgbà ni kò mọ abẹ́rẹ́ àti òwú? Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú láàárọ̀, òun náà ló ń kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá lọ́sàn-án.

Kí ni àwọn olùwádìí rí?

Ní ọdún 2023, ìwádìí kan jáde tó kó ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn 93,263 jọ, tí gbogbo wọn ti tó ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti orílẹ̀-èdè 16. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ lára wọn tó ti àwọn tí kò ní. Wọ́n tún sọ pé ìlera àwọn dára jù, inú àwọn sì dùn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ inú wo ọ̀rọ̀ yìí. Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà ni àwọn ènìyàn náà wà, kò sí ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ara rẹ̀ yá ló rọrùn fún jù láti jáde lọ ṣe nǹkan, nítorí náà a kò lè sọ pé iṣẹ́ ìgbafẹ́ nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí bá ohun tí mò ń rí níwájú káńtà mi mu.

Ọgbà ẹ̀yìn mọ́sálásí

Lẹ́yìn ibi tí a ti ń ṣe aluwàlá ní mọ́sálásí wa, ilẹ̀ kékeré kan wà tí kò tó nǹkan. Omi aluwàlá máa ń ṣàn síbẹ̀, ó máa ń dúró bí adágún, ẹ̀fọn sì ń pa ẹyin sínú rẹ̀. Bí ọmọ ilé kéwú bá ti ń gbóná ara, mo mọ ibi tí ojú mi máa ń lọ. A ti sọ ọ́ sọ ọ́ nípàdé, kò sẹ́ni tó ráyè.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìfúnpá tú àṣírí mi, mo pinnu pé màá máa fi wákàtí méjì sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé àti wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé ọkọ́. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta la ojú omi sílẹ̀ láti ibi aluwàlá, a kọ ebè mẹ́rin, a gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Kí n má parọ́, ewédú àkọ́kọ́ kò hù. A gbin irúgbìn náà jinlẹ̀ jù. Ìyá kan tó ń ta ata lẹ́bàá mọ́sálásí ló rẹ́rìn-ín wa títí, kó tó sọ fún wa pé a kọ́kọ́ máa ń da omi gbígbóná lé irúgbìn ewédú lórí, kí a tó fọ́n ọn, kí a sì rọra fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì lórí oògùn, mo di ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́ ìyá aláta. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbi tí kò ti sí ẹni tó retí pé kí n mọ ìdáhùn.

Nígbà tí bàbá orí fàràǹdà wá béèrè oògùn oorun, ọgbà náà ti ń lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá wa wo ebè wa. Wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa oko, akọ̀wé owó làwọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà wá jókòó." Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ọjọ́ wo la gbin eléyìí? Èló ni a ra irúgbìn? Ìdì mélòó la ká lóṣù tó kọjá? Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá gbé ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣírò owó wá láti ilé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ebè ló ní nọ́ńbà. Gbogbo ìdì tẹ̀tẹ̀ tó bá jáde ló ní ọjọ́ àti ẹni tó gbé e. Kò pẹ́, ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn náà. Nǹkan bí oṣù kan ni tẹ̀tẹ̀ fi ń tó ká, ojú bàbá kò sì kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Àwọn ìyá opó ládùúgbò àti ilé kéwú ni à ń pín ewébẹ̀ fún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìfúnpá bàbá jẹ́ 134 lórí 84. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á sódì: dókítà fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lò ó lójoojúmọ́ láìfò. N kò sọ pé ọkọ́ ló wo àìsàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kò béèrè oògùn oorun lọ́wọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ bomi rin ebè kí oòrùn tó mú, ṣé ó lè máa ṣàìsùn lóru ni?" Omi tó ń dúró lẹ́yìn mọ́sálásí náà sì ti tán.

Bí ẹ ṣe lè yan tiyín

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Àkọ́kọ́, kí ni mo fẹ́ràn nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kí iṣẹ́ tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀? Èkejì, kí ni iṣẹ́ mi kì í fún ara mi? Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ nílò ohun tí yóò mú un rìn. Ẹni tó ń ru ẹrù látàárọ̀ lè nílò ohun tí yóò mú un jókòó. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nílò ènìyàn, ẹni tí ariwo oníbàárà ń pa nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀kẹta, ṣé agbára mi ká a? Ẹ má ṣe yá owó nítorí ìgbafẹ́. Ẹ̀kẹrin, ṣé kò ní pa ìrun mi lára, ṣé kò ní gba ẹ̀tọ́ ará ilé mi?

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ mú ọjọ́ kan àti wákàtí kan pàtó, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ilé mọ̀. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò bá yín lára mu, torí pé ohun tuntun kì í tètè dùn. Bí ẹ bá rí i pé òótọ́ ni kò bá yín mu, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ọkọ àti aya jọ ṣe é. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́jú ọmọ, tó tún ń lọ sọ́jà, òun náà nílò wákàtí méjì tirẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání fún un.

Ìmọ́tótó àti ààbò

Oṣù wo ni a kò ní sọ ti ìmọ́tótó lójú ewé yìí? Ohun ìgbafẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ewu tirẹ̀.

Ọ̀gbìn: Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí àdá tàbí ìṣó bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn láti béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ ní aṣọ oko lọ́tọ̀, kí aṣọ ìrun yín lè wà ní mímọ́, kí ìrun má sì bọ́ sẹ́yìn nítorí ẹrẹ̀. Omi aluwàlá dára fún ebè, ṣùgbọ́n ìdí ewébẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, ẹ má dà á sórí ewé. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ fọ ewébẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sè é. Ẹ má ṣe fi oògùn aáyán tàbí oògùn ẹ̀fọn fín ewébẹ̀ tí ènìyàn máa jẹ.

Adìẹ sísìn: Ẹ lo ìbomú bí ẹ bá ń gbá ilé adìẹ, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún àyà, pàápàá fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan adìẹ tàbí ẹyin. Ẹ má sin ín sí ibi tí ẹ ti ń dáná.

Ọṣẹ ṣíṣe: Sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ máa ń jóni, ó sì lè fọ́ni lójú. Inú omi ni kí ẹ máa da sódà sí, ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí. Ẹ bo ojú àti ọwọ́. Bó bá ta sí ara, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láéláé. Ọmọ tó gbé irú rẹ̀ mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè bàjẹ́ títí ayé.

Rírán àti kíkọ: Lẹ́yìn nǹkan bí ẹni ogójì ọdún, ojú kì í sábà rí ohun tó sún mọ́ni kedere mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń ṣòro láti ki òwú bọ̀, ẹ lọ yẹ ojú wò. Ẹ dìde na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lílúwẹ̀ẹ́: Ẹ má dá kọ́ ọ nínú odò. Ẹ wá olùkọ́, kí ẹ sì wá ibi tí àyè wà lọ́tọ̀ fún obìnrin àti ọkùnrin.

Bí ohun tí ẹ yàn bá mú ara yín gbéra, èrè méjì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa gbé ara tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí èémí á fi yára díẹ̀. Ríroko wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́

Ọmọ tó ń ti ilé ìwé dé ilé kéwú, láti ilé kéwú dé lẹ́sìnnì, tó tún ń kàwé fún ìdánwò títí di òru, agbára ọpọlọ rẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Àwọn ọmọ láti ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ láti fò, láti sáré, láti ṣeré. Ọmọ kì í ṣòfò nígbà tó bá ń ṣeré. Ẹ jẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó fẹ́ràn, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin fẹ́ràn. Àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń kọ́ni, àwùjọ tó pọ̀ bí ti ìrun Yídì sì nílò irú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta lórí fóònù kì í ṣe ìgbafẹ́. Hárámù ni, ó sì ń lé oorun lọ. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó pàdánù owó ilé ìwé, tó wá ń béèrè oògùn tí yóò fi gbàgbé rẹ̀. Fífi ìka fa fóònù láti aago mẹ́sàn-án di aago kan òru náà kò sinmi ẹnikẹ́ni. Ìsinmi máa ń dá agbára padà síni lára, èyí ń gbà á lọ ni.

Nígbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ mọ́

Bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn ènìyàn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn ni, kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Àdúà àti oògùn kì í bára wọn jà.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá. Ẹni tó ti ń lo oògùn oorun fún ìgbà pípẹ́, ẹ má jáwọ́ lójijì. Ẹ lọ bá dókítà, kí ó dín in kù fún yín ní ìpele ní ìpele. Ẹni tí oògùn oorun kò tíì mọ́ lára, ẹ má ṣe jẹ́ kó mọ́ yín lára. Ó máa ń rọrùn láti wọ̀, jíjáde ni kì í rọrùn.

Ní ti èmi, mo ti ń ti ṣọ́ọ̀bù mi ní aago méje alẹ́ báyìí. Oníbàárà mélòó kan bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ aago náà. Mo ń lo oògùn mi, mo sì ń roko mi. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá ṣí ìwé wọn, wọ́n fi hàn mí pé èmi nìkan ni n kò wá lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù náà. Wọ́n ní, "Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n rí àlàyé." Mo sì bẹ̀ wọ́n.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi sìn Ín, kí Ó bùkún àkókò wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ wa jẹ ẹ̀mí wa. Àmín. Ẹ jẹ́ kí n rí yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, kí n wọn ìfúnpá yín, kí n sì bi yín ní ìbéèrè kan pẹ̀lú rẹ̀: yàtọ̀ sí iṣẹ́, kí ni ẹ tún ń ṣe?